Bí erékùṣù ṣe ń sọ ẹ̀yà kan di púpọ̀

Ẹnì kan kọ ìbéèrè sí mi báyìí pé: "Ẹ̀gbọ́n, mo kà á pé ẹyẹ irú kan péré ló fò dé erékùṣù Galápagos, òun ló wá di ẹ̀yà bíi 17 tó wà níbẹ̀ lónìí. Ṣé bí ojú ọjọ́ bá ti yí padà ni ẹyẹ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara ẹ̀ ṣe ni? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé erékùṣù ni irú ẹ̀ ti wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹnì kan tiẹ̀ ti jókòó tì í rí, tó fojú ara ẹ̀ rí i?"

Ẹ káre o. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ dì pọ̀ yìí, gbogbo ẹ̀ ni mo sì fẹ́ dáhùn, àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tú kókó kan tó wà nínú ti àkọ́kọ́ torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ẹyẹ kan ò lè tún ara ẹ̀ ṣe. Àgógó ẹnu tí wọ́n bí i mọ́ ló máa lò títí dọjọ́ ikú, ebi ì báà pa á, òjò ì báà pa á. Ohun tó ń yí padà ni pé àwọn wo ló kù, àwọn wo ló rọ́mọ bí, ọmọ ta ló pọ̀ jù nínú ìran tó ń bọ̀. Ẹyẹ kọ̀ọ̀kan dúró bó ṣe wà, agbo ẹyẹ ló ń yí padà. Tí ẹ bá ti di ìyẹn mú, èyí tó kù ò ní ṣòro.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Daphne Major. Erékùṣù kékeré kan ni láàárín àwọn Galápagos, orí òkè ayọnáyèéfín tó yọrí jáde nínú òkun ni, tí ẹ bá fẹsẹ̀ rìn ín láti etí kan dé ìkejì kò tó kìlómítà kan. Èèyàn ò gbé ibẹ̀, omi tó ń ṣàn ò sí, cactus àti igbó ṣákálá ló wà lórí ẹ̀. Tọkọtaya kan tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá, Peter àti Rosemary Grant, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ lọ́dún 1973, wọ́n sì ń padà lọ lọ́dọọdún fún nǹkan bíi 40 ọdún. Wọ́n á ta àwọ̀n, wọ́n á mú ẹyẹ, wọ́n á so òrùka aláwọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọ́n á wọn ìyẹ́ apá ẹ̀, wọ́n á wọn àgógó ẹ̀, bó ṣe gùn tó, bó ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe nípọn tó látòkè délẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì tú u sílẹ̀ kó máa lọ. Nígbà tó yá, ẹyẹ tí wọn ò mọ̀ lórí erékùṣù yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́, wọ́n mọ bàbá ẹ̀, wọ́n mọ ìyá ẹ̀, wọ́n mọ iye ọmọ tó bí.

Lọ́dún 1977, òjò kọ̀, kò rọ̀. Ẹyẹ tí wọ́n ń ṣọ́ jù nígbà yẹn ni finch kan, ọ̀kan lára ẹ̀yà 17 tẹ́ ẹ béèrè nípa wọn yẹn, tí orúkọ ẹ̀ nínú sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Geospiza fortis, tẹ́ ẹ bá rí i ẹ ó rò pé ológoṣẹ́ dúdú ni. Nígbà òjò, gbogbo wọn ló ń ṣa hóró kéékèèké tó rọ̀ jẹ, kò sẹ́ni tí ìyà ń jẹ. Nígbà tí ọ̀dá yìí dé, koríko ò so mọ́, hóró kéékèèké tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ṣà jẹ tán láàárín oṣù díẹ̀, ó wá ku èso ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan tó ń rá pálá lórí ilẹ̀, èso náà jọ ti dágunró tó máa ń gún èèyàn lẹ́sẹ̀. Èèpo ẹ̀ le koko, hóró tó wà nínú ẹ̀ kéré, ẹyẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ àgógó ká a mọ́, kó yí i, kó fọ́ ọ, kó tó rí nǹkan jẹ. Ẹyẹ tí àgógó ẹ̀ nípọn á rí i ṣe. Ẹyẹ tí tiẹ̀ fi bíi ìdajì mìlímítà tẹ́ẹ́rẹ́ ju tẹni yẹn lọ á gbìyànjú, á tún gbìyànjú, á sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ìdajì mìlímítà o! Ohun tí ojú lásán ò lè rí lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tí ọ̀dá náà fi máa kásẹ̀ nílẹ̀, nínú ẹyẹ 100, bíi 85 ló ti kú, àwọn tó sì yè é ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ alágògó nínípọn. Àgógó sì rèé, ohun tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí ni, torí náà àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 1978 ní àgógó tó nípọn ju ti àwọn ẹyẹ tó wà kí ọ̀dá tó dé lọ.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òjò kọ̀, ìran kan ṣoṣo ló kọjá, ojú èèyàn sì rí ìyípadà ẹ̀dá, wọ́n fi irin ìwọ̀n wọ̀n ọ́n. Àwọn ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa tẹ́lẹ̀ máa ń sọ ọ́ bíi pé ó gbọ́dọ̀ gba mílíọ̀nù ọdún kí irú nǹkan báyìí tó ṣẹlẹ̀.

Àmọ́ ẹ má tíì sáré. Láàárín 1982 sí 1983, El Niño dé, ìyẹn ìgbà tí omi Òkun Pàsífíìkì máa ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, òjò rọ̀ débi tí ewéko bo gbogbo àpáta, hóró kéékèèké wá pọ̀ lọ bí yanrìn. Láwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, ta ló wá rọ́wọ́ mú? Àwọn alágògó tẹ́ẹ́rẹ́, torí àwọn ló yára ṣa nǹkan wẹ́wẹ́. Àgógó tó nípọn lẹ́ẹ̀kan tún ń tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀. Ẹ wá rí i pé tó bá jẹ́ pé báyìí nìkan ni, ẹ̀yà tuntun ò lè jáde, agbo ẹyẹ náà á kàn máa lọ á máa bọ̀ bí ìgbì òkun, ọdún ẹ̀ẹ̀rùn á tì í síhìn-ín, ọdún òjò á tì í sọ́hùn-ún.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ fáwọn èèyàn nìyí. Ìyípadà àyíká nìkan ò tó. Ó dìgbà tí ìyípadà yẹn bá dé ọ̀rọ̀ ta ló ń bá ta bímọ kí ẹ̀yà kan tó pín sí méjì. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀dá fi ń mọ ẹ̀yà yàtọ̀ síra ni pé wọn kì í bá ara wọn bímọ, tàbí tí wọ́n bá tiẹ̀ ṣe é, ọmọ náà ò ní wúlò fún ìran ẹ̀, bíi ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n bí ìbaaka, tí ìbaaka ò rọ́mọ bí. Níwọ̀n ìgbà tí alágògó nínípọn àti alágògó tẹ́ẹ́rẹ́ bá ṣì ń fẹ́ ara wọn, ọmọ wọn á wà láàárín, gbogbo nǹkan á padà dàpọ̀. Ohun tí mo máa ń wá nínú ìtàn erékùṣù èyíkéyìí nìyẹn: ibo ni àyíká ti yí padà, báwo sì ni ìyípadà yẹn ṣe dé ìdí ìgbéyàwó?

Ẹ̀yin bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ erékùṣù. Ohun àkọ́kọ́ ni pé òkun jẹ́ ògiri. Galápagos fi bíi 1,000 kìlómítà jìnnà sí etíkun Ecuador, ẹni tó bá dé ibẹ̀, ìjì ló gbé e tàbí ó gun igi tó léfòó, wọn kì í sì í pọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ò dé ibẹ̀ fúnra ẹ̀ rí torí omi iyọ̀ ń pa á. (Ní São Tomé àti Príncipe, tí wọ́n jẹ́ erékùṣù tí kò fìgbà kankan lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀pọ̀lọ́ wà níbẹ̀, tó jẹ́ tibẹ̀ nìkan. Àlàyé táwọn onímọ̀ fara mọ́ jù ni pé odò ńlá kan gbé igi àti koríko wọ òkun, ọ̀pọ̀lọ́ sì wà lórí ẹ̀. Ìrìn àjò yẹn máa ń yà mí lẹ́nu ní gbogbo ìgbà tí mo bá rántí ẹ̀.) Àwọn díẹ̀ tó bá ti dé, ẹnikẹ́ni ò ní tètè wá bá wọn láti ilé, torí náà jíìnì ilé, ìyẹn ohun inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, ò ní máa ṣàn wọ inú tiwọn láti fà wọ́n padà.

Èkejì, iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ tí kò sí òṣìṣẹ́. Kò sí ẹyẹ àkókó ní Galápagos, bẹ́ẹ̀ ìdin wà nínú igi. Finch kan wá ń ṣe iṣẹ́ àkókó. Kò ní ahọ́n gígùn, kò ní àgógó tó lè lu igi wọlé bíi ti àkókó, ohun tó ń ṣe ni pé ó máa já igi tín-ín-rín tàbí ẹ̀gún cactus, á fi ẹnu dì í mú, á fi tọ ìdin nínú ihò títí tí ìdin á fi jáde, á ju igi yẹn sílẹ̀ á gbé ìdin mì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń ṣe é jù, nígbà tí kòkòrò orí ewé bá ti ṣọ̀wọ́n. Ní erékùṣù Wolf àti Darwin tó wà lápá àríwá, tó gbẹ, tí oúnjẹ ò sì pọ̀ níbẹ̀, finch kan wà tó máa ń bà lé ẹ̀yìn àwọn ẹyẹ òkun ńlá, á máa sọ ìdí ìyẹ́ wọn títí tí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde, ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń mu. Àwọn tó ń fa ìdin yọ àti àwọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀, ìdílé kan náà ni gbogbo wọn, babańlá kan náà ló bí wọn. Ní São Tomé náà, ẹ̀ga kan wà níbẹ̀ tó tóbi ju àwọn ẹ̀ga orí ilẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ mọ̀lẹ́bí lọ.

Èyí tí èèyàn kì í rò sí ni pé erékùṣù fúnra ẹ̀ kì í dúró sójú kan. Iná inú ilẹ̀ á gbé e jáde, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀ á máa sún lọ, òjò á máa wẹ̀ ẹ́, tó bá pẹ́ títí òkun á gbé e mì. Ní Hawaii, Kauai tó wà lápá àríwá ìwọ̀ oòrùn ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 5, àmọ́ erékùṣù tó tóbi jù, tí òkè iná ẹ̀ ṣì ń yọ iná dòní, kò tíì pé mílíọ̀nù ọdún kan. Bí tuntun bá ti ń jáde ni àwọn tó wà lórí ti àtijọ́ ń kọjá sórí ẹ̀, wọ́n á bá ilẹ̀ tí kò sẹ́ni kankan lórí ẹ̀ pàdé. Òkun pàápàá ń lọ sókè ó ń lọ sódò. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí yìnyín bo apá púpọ̀ nínú ayé, omi òkun fi bíi 120 mítà lọ sílẹ̀ ju ti òní lọ. Erékùṣù méjì tẹ́ ẹ rí lónìí lè ti jẹ́ ẹyọ kan nígbà yẹn, òmíràn sì wà nígbà yẹn tó ti rì báyìí. Òkun á so wọ́n pọ̀, á tún yà wọ́n, á so wọ́n, á yà wọ́n, gbogbo ìgbà tó bá sì yà wọ́n ni àwọn ìbátan tó ti ń fẹ́ ara wọn tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ó wá ku bí àyíká ṣe ń dé ìdí ìgbéyàwó. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù níbí kì í tiẹ̀ ṣe ẹranko, ọ̀pẹ ni. Lord Howe jẹ́ erékùṣù kékeré kan tó fi bíi 600 kìlómítà jìnnà sí etíkun Ọsirélíà. Ọ̀pẹ méjì wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé nínú igbó, wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá, ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí wọ́n ń gbìn sínú ìkòkò fún ẹwà ilé káàkiri ayé tí wọ́n ń pè ní kentia. Erékùṣù yẹn kéré débi pé ẹ ò lè sọ pé òkun tàbí òkè ló ya àwọn méjèèjì, afẹ́fẹ́ kan náà ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó wọn kiri. Kí ló wá yà wọ́n? Ilẹ̀ ni. Apá kan nínú ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ èyí tí òkè ayọnáyèéfín fi sílẹ̀, apá kejì jẹ́ ilẹ̀ tó dà bí ẹfun, tí ìkarahun àti iyùn òkun tó fọ́ kúnná wà nínú ẹ̀. Ilẹ̀ ẹfun yìí máa ń yí ìgbà tí ọ̀pẹ ń yọ òdòdó padà. Ọ̀pẹ tó bọ́ sórí ẹ̀ wá ń yọ òdòdó ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú èkejì. Nígbà tí lẹ́búlẹ́bú tẹni yìí bá ń fò, òdòdó tẹni yẹn ò tíì là. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí? Kò sí ògiri láàárín wọn, àkókò ni ògiri wọn. Ohun kan náà tó mú kí ọ̀pẹ gbà láti gbé lórí ilẹ̀ líle ló tún já okùn ìgbéyàwó láàárín wọn. Ní 2006 ni wọ́n gbé iṣẹ́ yẹn jáde, mi ò sì tíì rí èyí tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí tó o.

Ti ìrẹ̀ Kauai náà rèé, èyí sì yára ju ti ọ̀pẹ lọ. Ìrẹ̀ akọ máa ń fi ìyẹ́ apá ha ara wọn láti pe abo, ẹ mọ ohùn yẹn, alaalẹ́ ni à ń gbọ́ ọ. Eṣinṣin kan wà ní Hawaii, tó wá láti Amẹ́ríkà, tó ní etí tó mú gan-an, ohùn ìrẹ̀ yẹn ló ń tẹ̀ lé. Tó bá ti rí akọ tó ń dún, á da ìdin kéékèèké sí i lára, ìdin á wọ inú ẹ̀, á máa jẹ ẹ́ láti inú, láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan ìdin á jáde, ìrẹ̀ á kú. Nítorí náà ẹni tó bá pe ìyàwó, ikú ló ń pè pọ̀ mọ́ ọn. Onímọ̀ ẹ̀dá kan, Marlene Zuk, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń ṣọ́ àwọn ìrẹ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọdọọdún ni ohùn wọn ń dín kù, títí tí wọ́n fẹ́ẹ̀ má gbọ́ nǹkan kan mọ́. Èèyàn á rò pé wọ́n ti ń run tán. Nígbà tí wọ́n tan iná sínú koríko lọ́dún 2003, wọ́n bá ìrẹ̀ lọ súà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ jaburata, àmọ́ wọn ò dún. Ìyẹ́ apá èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn akọ ti dà bíi ti abo, ó tẹ́jú, eyín tí wọ́n fi ń ha ohùn jáde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ìyípadà nínú jíìnì ló fà á, kò sì gbà ju ìran bíi 20 lọ kó tó gba erékùṣù náà kan. Báwo ni akọ tí kò lóhùn ṣe ń ríyàwó? Ṣe ló máa lọ ba sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn díẹ̀ tó ṣì ń dún, nígbà tí abo bá ń bọ̀, òun á yọ sí i lọ́nà. Lórí Oahu náà, erékùṣù mìíràn ní Hawaii, ìrẹ̀ tí kò lóhùn jáde lẹ́yìn náà, àmọ́ ìyẹ́ apá tiwọn yàtọ̀ sí ti Kauai, èyí tó fi hàn pé ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Mi ò sọ pé wọ́n ti di ẹ̀yà tuntun o. Ohun tí mo ń sọ ni pé eṣinṣin kan ṣoṣo dé, ó sì yí bí akọ àti abo ṣe ń rí ara wọn padà pátápátá, ìyẹn sì ni ilẹ̀kùn tí ẹ̀yà tuntun máa ń gbà jáde.

Alángbá náà ní tiẹ̀, màá yára sọ ọ́. Lọ́dún 2017, àwọn onísáyẹ́ǹsì kan ń wọn alángbá kéékèèké ní erékùṣù méjì ní Turks and Caicos, lágbègbè Karíbíà, kò pẹ́ tí wọ́n parí ni ìjì líle Irma dé, lẹ́yìn ẹ̀ ni Maria. Wọ́n sáré padà lọ wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn tó kù ní àtẹ́lẹsẹ̀ tó fẹ̀ sí i, ọwọ́ wọn gùn sí i, itan wọn ló kúrú. Ti ọwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ yé wọn, ti itan ò yé wọn. Wọ́n wá gbé alángbá ka igi róbótó kan, wọ́n na àwọ̀n sẹ́yìn ẹ̀ kó má bàa ṣèṣe, wọ́n sì kọjú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ ewé kúrò nílẹ̀ sí i. Bí atẹ́gùn ṣe ń le sí i, alángbá á fi ọwọ́ méjèèjì di igi mú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á já, gbogbo ara ẹ̀ á wá na gbọọrọ sẹ́yìn bí àsíá. Itan tó bá gùn, atẹ́gùn á rí ibi fẹ́, á já a gbà. Ìdí nìyẹn tí àwọn onítan kúkúrú fi ṣẹ́kù. Iṣẹ́ kejì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé erékùṣù tí ìjì ti kọlù jù ni àtẹ́lẹsẹ̀ alángbá ẹ̀ fẹ̀ jù.

Tí ẹ bá wá fẹ́ mọ̀ bóyá àyíká kan náà lè tún ohun kan náà ṣe, ẹ lọ wo Aldabra, ní Òkun Íńdíà. Ẹyẹ rail kan ń fò wá síbẹ̀ láti Madagascar. Kò sí ẹranko tó ń pa ẹyẹ jẹ níbẹ̀, oúnjẹ wà nílẹ̀, fífò sì ń ná ẹyẹ ní agbára púpọ̀, torí náà ìran dé ìran, apá ń rọ, ẹsẹ̀ ń le, wọn ò fò mọ́. Ní nǹkan bí 136,000 ọdún sẹ́yìn, òkun kún bo erékùṣù náà pátápátá, ẹyẹ tí kò lè fò ò ríbi sá sí, gbogbo ẹ̀ ló kú. Nígbà tí omi fà, àwọn rail tún fò wá láti Madagascar. Wọ́n tún pàdánù fífò. Àwọn onímọ̀ rí egungun ti ìṣáájú, wọ́n rí ti ẹ̀yìn ìkún omi, wọ́n gbé wọn síra wọn. Ìdílé kan náà, erékùṣù kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn ti ẹ̀ẹ̀kejì sì wà níbẹ̀ dòní tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ apá kejì fún yín, torí ó ń dùn mí. Ìyípadà àyíká tó ń ya ẹ̀yà ló tún ń dà wọ́n pọ̀. Lójú ẹja, adágún jẹ́ erékùṣù, ilẹ̀ gbígbẹ ni òkun tó yí i ká. Adágún Victoria ti gbẹ rí, nǹkan bíi 15,000 ọdún sẹ́yìn ló tún kún, láàárín ìgbà yẹn sí ìsinsìnyí ẹja mọ̀lẹ́bí ẹpìyà tó wà nínú ẹ̀ di bíi ẹ̀yà 500. Méjì nínú wọn ń gbé létí àpáta kan náà. Èyí tó wà nítòsí òkè omi, akọ ẹ̀ jẹ́ búlúù, èyí tó wà nísàlẹ̀, akọ ẹ̀ pupa, orúkọ Julius Nyerere ni wọ́n sì fi sọ èyí tó pupa yẹn. Ìdí ni pé bí omi ibẹ̀ ṣe ń jìn, ìmọ́lẹ̀ búlúù ń kú, èyí tó pupa ló ń wọlé jù, ojú ẹja kọ̀ọ̀kan sì mú sí ìmọ́lẹ̀ ibi tó ń gbé. Abo tó wà nísàlẹ̀ ń rí pupa dáadáa, akọ pupa ló máa fẹ́. Àmọ́ ìdọ̀tí àti ajílẹ̀ tó ń ṣàn láti oko àti ìlú wọ inú adágún ti sọ omi di dúdú, ewédò ti bò ó. Níbi tí omi ti dọ̀tí jù, abo ò rí àwọ̀ mọ́, wọ́n ń fẹ́ ẹni tó bá sún mọ́ wọn, ọmọ wọn ò búlúù bẹ́ẹ̀ ni ò pupa. Ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún yà sọ́tọ̀ ti ń dàpọ̀ lójú wa. Kí n tó wá sọ ti Nile perch, ẹja ńlá kan tó ń jẹ ẹja, tí wọ́n kó sínú adágún náà láwọn ọdún 1950, tó jẹ púpọ̀ nínú wọn run.

Hawaii náà ń jìyà irú ẹ̀. Ẹyẹ kan láti ìdílé finch dé ibẹ̀, ó di ẹ̀yà tó lé ní 50, alágògó kọdọrọ, alágògó ṣóńṣó, olómi òdòdó, oníkòkòrò. Lọ́dún 1826 ọkọ̀ òkun gbé ẹ̀fọn dé, ibà ẹyẹ tẹ̀ lé e. Ó ju ìdajì àwọn ẹ̀yà yẹn lọ tó ti parẹ́, àwọn tó kù sá lọ sórí òkè níbi tí òtútù ò ti jẹ́ kí ẹ̀fọn gbé, báyìí ayé ń gbóná, ẹ̀fọn sì ń gun òkè tẹ̀ lé wọn. Ọ̀kan nínú wọn, amakihi, ti ń fara da ibà yẹn nísàlẹ̀ òkè, jíìnì ló ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn yòókù ò pọ̀ tó láti rí irú oríire bẹ́ẹ̀, ẹ̀dá tí iye ẹ̀ ti kéré jù, àwọn tó máa yè é lè má sí láàárín wọn rárá.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè yín kẹta, torí mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í gbẹ̀yìn. Ṣé ẹnì kan ti fojú rí i? Lọ́dún 1981, àwọn Grant rí akọ finch àjèjì kan lórí Daphne Major. Ó tóbi ju àwọn tibẹ̀ lọ, àgógó ẹ̀ ṣàjèjì, orin ẹ̀ pàápàá, kò sẹ́ni tó ń kọ irú ẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ẹ̀ ni àyẹ̀wò DNA tó sọ pé erékùṣù Española ló ti wá, tó fi ju 100 kìlómítà jìnnà. Kò lè padà sílé. Ó fẹ́ abo fortis kan, wọ́n bímọ. Finch akọ, orin tí bàbá ẹ̀ bá kọ sí i létí ló máa kọ títí dọjọ́ alẹ́, abo sì ń fi orin àti àgógó yan ọkọ. Àwọn ọmọ yìí ń kọ orin àjèjì, wọ́n sì gbé àgógó àjèjì, àwọn abo tó kù lórí erékùṣù ò dá wọn lóhùn. Ìgbà tó yá, ara wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Àwọn Grant sọ wọ́n ní Big Bird, ìyẹn Ẹyẹ Ńlá.

Ọ̀dá líle mìíràn dé ní 2003. Finch ẹ̀yà mìíràn kan tó tóbi ju fortis lọ, tí kì í ṣe Big Bird, èyí tó fò dé lọ́dún 1982 tó sì jókòó síbẹ̀, ló ń jẹ gbogbo èso ẹlẹ́gùn-ún yẹn tán, débi pé lọ́tẹ̀ yìí àwọn fortis alágògó nínípọn tó rọ́wọ́ mú ní 1977 gan-an ló kú jù, torí ẹni tó lágbára jù wọ́n lọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nínú gbogbo Big Bird, ẹyẹ méjì péré ló yè é, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, akọ àti abo. Nígbà tí òjò padà, wọ́n fẹ́ ara wọn. Lọ́dún 2012, nígbà tí tọkọtaya Grant parí ìrìn àjò ọdọọdún wọn, àwọn Big Bird ti tó bíi 30, gbogbo wọn jẹ́ ọmọ àwọn méjì yẹn, wọ́n ń fẹ́ ara wọn nìkan, àwọn akọ wọn sì ń kọ orin babańlá wọn tó fò wá láti Española.